Eku Méjì Tí Mò Ń Lé

Mo gbọ́ "pá!" lẹ́yìn ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, mo sì yíjú láti wo ẹni tó sọ òkò lù mí. Kò sẹ́nì kankan lójú ọ̀nà. Kìlómítà kẹfà ni mo wà, n kò tíì máa yára rárá. Nígbà tí mo tún gbẹ́sẹ̀ ni ìrora jẹ́ kí n mọ̀ pé iṣan ẹ̀yìn ojúgun mi ló ya. Mo tiro títí mo fi délé.

Ọmọ ọdún 47 ni mí nígbà náà. Ó ti tó ọdún 11 tí mo ti ń sáré ọ̀nà jíjìn, mo ti sá kìlómítà 42 nígbà mẹ́rin, síbẹ̀ n kò fọwọ́ kan irin tí wọ́n ń gbé kí ara lè lágbára rí. Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo: ohun tí mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí nìyẹn. Mo gbà tọkàntọkàn pé irin á jẹ́ kí n wúwo, eré mi á sì bàjẹ́.

Obìnrin tó bá mi tọ́jú iṣan náà kò bá mi jiyàn. Ó ní kí n fi ẹsẹ̀ òsì nìkan dúró, èyí tí nǹkan kan kò ṣe, kí n máa gbé gìgísẹ̀ sókè kí n máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, òun á máa kà á. Nígbà tó fi máa ka mẹ́sàn-án, ẹsẹ̀ ti ń gbọ̀n.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "èémí yín kò láàárẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń gbé e kiri ló ti rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ lè ṣe ogún."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé. Bí a bá ti ń kọjá ogójì ọdún, iṣan a máa dín kù lára díẹ̀díẹ̀, àwọn fọ́nrán tó ń ṣiṣẹ́ kíákíá ló sì ń tín-ín-rín jù: àwọn tí a fi ń fò, tí a fi ń gun òkè, tí a fi ń gba ara wa dúró bí a bá kọsẹ̀. Eré jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bó ti wù kó gùn tó, kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n.

Ìwádìí tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ eku méjì sábà máa ń tọ́ka sí ni ti Robert Hickson, onímọ̀ nípa eré ìdárayá, ní 1980. Fún ọ̀sẹ̀ 10, àwọn kan gbé irin ní ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, àwọn kan sáré wọ́n sì wa kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ 6, àwọn kẹta ń ṣe méjèèjì pọ̀. Agbára àwọn kẹta yìí ń lọ sókè títí di bí ọ̀sẹ̀ keje, ó dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀. Ibi tí n kò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí ni pé èémí wọn dára sí i bíi ti àwọn tó ń sáré nìkan. Eré ló bu irin jẹ, irin kò bu eré jẹ! Òdìkejì ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí. Ẹ sì wo iye rẹ̀, iṣẹ́ 11 lọ́sẹ̀ kan. Ọjọ́ 2 péré ni irin ń gbà lọ́wọ́ mi báyìí.

Síbẹ̀, mo kọ́kọ́ ṣì í ṣe. Mo fi irin sí àwọn ọjọ́ tí n kì í sáré líle: ọjọ́ Ajé irin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun eré líle, Ọjọ́rú irin, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ fi parí. Ẹsẹ̀ kò rí ọjọ́ kan sinmi. Láàárín oṣù méjì, oorun mi dín kù, àtẹ̀gùn ilé di òkè lójú mi.

Ìgbà tí mo kó ohun líle jọ sójú kan ló tó yanjú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, mò ń sá eré líle láàárọ̀, mo sì ń gbé irin nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ tó bá tẹ̀ lé e, ìrìn ni, tàbí eré tí mo lè máa sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Eré gígùn di ti ọjọ́ Àìkú. Kìlómítà 70 lọ́sẹ̀ di 50, ó sì dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ orí wa yìí, ìsinmi ló wọ́n ju àkókò lọ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kò tilẹ̀ gba jíìmù. Mo máa ń dúró sétí àtẹ̀gùn, iwájú ẹsẹ̀ kan lórí rẹ̀, gìgísẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, irin lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì lára ògiri. Mo gbéra sókè, mo ka ení, èjì, ẹ̀ta. Mo sọ gìgísẹ̀ kalẹ̀ kọjá etí àtẹ̀gùn, mo tún kà á dé ẹ̀ta. Iṣan gìgísẹ̀ á nà bí okùn tí a rọra ń fà, ooru á gun ẹ̀yìn ojúgun. Ìgbà mẹ́jọ, mo sinmi, mo tún un ṣe. Kílò 8 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, 24 ni mò ń gbé báyìí. Mo tún ń lóṣòó pẹ̀lú irin léjìká, ìgbà márùn-ún márùn-ún, mo sì máa ń dáwọ́ dúró nígbà tí mo bá mọ̀ pé mo ṣì lè ṣe méjì sí i. Ọdún mẹ́ta rèé, ara mi kò fi ju kílò kan wúwo sí i.

Lóṣù tó kọjá, ní kìlómítà kejìdínlógún, gbòǹgbò igi kọ́ mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ara mi ti ń lọ síwájú, mo ti ń nawọ́ láti fi gba ilẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ òsì ti já síwájú, ó tẹlẹ̀ gbọin, ó gbé mi dúró. Ẹsẹ̀ òsì yẹn náà ni, èyí tó ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n ka mẹ́sàn-án. Ó ku kìlómítà mẹ́ta, mo sá a.