Bàbá tí wọ́n ní ó gbàgbé ilé, bọ́ǹbù ló pa á ní Liverpool

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ nínú agbo ilé wa ní Ẹ̀pẹ́ pé ẹ̀gbọ́n bàbá bàbá mi lọ fẹ́ òyìnbó, ó jókòó sí Liverpool, kò wẹ̀yìn wò mọ́. Tí ọmọ kan bá fẹ́ lọ sókè òkun, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi máa kìlọ̀ fún un. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin, oyún ẹ̀ ló wà nínú ìyá ẹ̀ nígbà tí bàbá náà wọkọ̀ lọ lọ́dún 1940, wọn ò fojú kan ara wọn rí. Ọmọ náà, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá báyìí, ta ẹja ní Ọjà Olúwo títí orúnkún fi ní ó tó, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí, gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ ló fi ń gbọ́ pé bàbá òun já ìyá òun jù sílẹ̀. Irọ́ ni. Bàbá náà ti kú láti oṣù May 1941, bọ́ǹbù Jámánì ló wó ilé lé e lórí, kò kàn sẹ́ni tó sọ fún wa ni.

Mo fẹ́ kọ bí mo ṣe wá a kàn torí mo mọ̀ pé ilé tó ní irú ìtàn yìí pọ̀ létí ọ̀sà wa níbí, láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìkòròdú dé Àgbádárìgì. Àwọn èèyàn wa pọ̀ nínú ọkọ̀ Elder Dempster nígbà yẹn, àwọn ọkọ̀ tó ń ná Èkó sí Liverpool, wọ́n ń da èédú síná nísàlẹ̀ ọkọ̀, wọ́n ń dáná oúnjẹ, wọ́n ń fọ ọkọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, ilé onílé ládùúgbò Pitt Street lẹ́bàá èbúté ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń wọ̀ sí títí ọkọ̀ míì á fi gbà wọ́n. Ibẹ̀ ni ogun Hítílà ká wọn mọ́.

Àpótí páànù Màmá ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Kì í jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án, àfi lọ́jọ́ tó pè mí pé kí n wá bá òun wo ohun tó wà níbẹ̀ torí ojú òun ò ríran mọ́. Tìrà kan ló wà níbẹ̀ àti lẹ́tà kan tí wọ́n ká ní mẹ́rin, kòkòrò ti jẹ àárín ẹ̀. Bàbá náà ò mọ̀wé òyìnbó, kéwú ló kà, ẹlòmíì ló bá a kọ ọ́. Níbi tó ṣì ṣeé kà, ó ń bèèrè bóyá ìyàwó òun ti bí, ó ní tó bá ti bí kí wọ́n tètè kọ̀wé sí òun. Mo kà á fún Màmá, ó ní kí n tún un kà. Ẹni tó ń bèèrè ọmọ báyìí kọ́ ló ń sá fún ọmọ, ibẹ̀ lọkàn mi ti kúrò nínú ìtàn ìyàwó òyìnbó yẹn pátápátá.

Àpò lẹ́tà náà tún wá ṣe wá lóore ju lẹ́tà fúnra ẹ̀ lọ. Wọ́n ti fi ọ̀já bébà kan lẹ etí ẹ̀ padà, wọ́n tẹ Opened by Examiner àti nọ́ńbà kan sí i lára, torí lásìkò ogun ìjọba máa ń já lẹ́tà wò kó tó kọjá. Lẹ́yìn ẹ̀, taadáwà ti ń parẹ́ o, àmọ́ ẹ máa rí nọ́ńbà ilé, ẹ máa rí Pitt Street.

Mo wá lọ ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Liverpool. Láti ọjọ́ kìíní sí ọjọ́ keje oṣù May 1941, òru méje léraléra, ọkọ̀ òfurufú Jámánì ń rọ̀jò bọ́ǹbù lé ìlú náà lórí, torí èbúté ibẹ̀ ni oúnjẹ àti ohun ìjà tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà ń gbà wọlé. Ọkọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Malakand wà ní Huskisson Dock, nǹkan bí 1,000 tọ́ọ̀nù bọ́ǹbù ló wà nínú ẹ̀, iná ràn mọ́ ọn, ó sì bú gbàmù. Àwọn tó kú ní Liverpool àti agbègbè ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn lé ní 1,700. Pitt Street wà lára ibi tó bà jẹ́ gan-an. Tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ lọ wá a nínú ìwé ìròyìn ìgbà yẹn ẹ ò ní tètè rí i, torí ìjọba kì í fẹ́ kí wọ́n dárúkọ ìlú tí bọ́ǹbù bà, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tó ti rí i ṣe.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i ni ìwé orúkọ àwọn ará ìlú tí ogun pa, tí Commonwealth War Graves Commission ń tọ́jú. Àwọn kan náà tó ń tọ́jú ibojì sọ́jà ni, nígbà yẹn Imperial ló wà lórúkọ wọn. Orúkọ inú ẹ̀ tó nǹkan bí 67,000, ìdìpọ̀ méje ni, ó wà ní Westminster Abbey ní London, àmọ́ èèyàn lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀. Agbègbè tẹ́nì kan kú sí ni wọ́n fi tò ó. Ẹ máa rí orúkọ, ọjọ́ orí, ilé tó ń gbé, ibi tó kú sí, nígbà míì orúkọ òbí tàbí ìyàwó. Kò sí ibojì níbẹ̀ o, torí ibojì àwọn ará ìlú ò sí lọ́wọ́ àjọ náà, ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ lẹ máa bi. Ẹ tún mọ̀ pé tó bá jẹ́ inú ọkọ̀ gan-an ni atukọ̀ kú sí, kò ní sí lára ará ìlú, àárín àwọn Merchant Navy, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ọjà, lẹ ti máa wá a, orúkọ àwọn tí òkun gbé wà lára òkúta ìrántí ní Tower Hill ní London.

Orúkọ ló dà mí láàmú jù. Akọ̀wé òyìnbó ló ń kọ orúkọ Mùsùlùmí ọmọ Ẹ̀pẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ sétí, Sànní lè di Sonny, Bákàrè lè di ohun tẹ́nikẹ́ni ò ní mọ̀, orúkọ àbísọ á di orúkọ ìdílé, tàbí kí ọ̀gá ọkọ̀ ti sọ ọ́ ní Tom tàbí Friday láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́. Màmá ló yọ mí níbẹ̀. Ó rántí pé àwọn ọ̀rẹ́ bàbá òun tó padà dé lẹ́yìn ogun kì í pè é lórúkọ tá a mọ̀ nílé, orúkọ kan báyìí ni wọ́n ń pè é. Ọjọ́ orí náà, àwọn àgbà ló bá mi ṣírò ẹ̀, wọ́n ní ó ti ń lọ ilé kéwú nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 wọ ilẹ̀ yìí, ìyẹn á fi í sí bí ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀.

Mo fi orúkọ inú ọkọ̀ yẹn wá a, mo rí ẹnì kan, mo bá sanwó sàtífíkéètì ikú ẹ̀ lọ́dọ̀ General Register Office, àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìbí àti ikú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń to ìwé wọn, ti May wà nínú April sí June. Nígbà tó dé, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò lẹ́tà. Nọ́ńbà ilé kan náà. Pitt Street kan náà. Níbi tí wọ́n ń kọ ohun tó pa èèyàn sí, wọn ò kọ ju pé ogun ni lọ. Omi bọ́ lójú mi, ẹ má bínú. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó dá a mọ̀ tó sì sọ orúkọ ẹ̀ fún wọn, torí nínú àwọn 554 tí wọ́n sin papọ̀ sí Anfield Cemetery lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, 373 ni wọn ò mọ orúkọ wọn.

Mo tún ń ronú àwọn tiwa. Nígbà ogun abẹ́lé, láti 1967 sí 1970, ọkọ̀ òfurufú ju bọ́ǹbù sí ọjà àti ilé ìwòsàn ní ìlà oòrùn, èèyàn kú ní Èkó náà. Ìjọba wa ò ṣe ìwé orúkọ kankan fún wọn. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é, kí àwọn tó fojú rí i tó tán nílẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún Màmá, kò sunkún. Ó ní, "Ṣé wọ́n kírun sí i lára?" Mi ò rí èsì fún un. Àlùfáà wá sílé, wọ́n ṣe àdúà fún bàbá náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa dárúkọ ẹ̀ láàárín àwọn òkú ilé wa, tí wọn ò fi kìlọ̀ fún ọmọ.

Mo ṣì ń kọ̀wé sí àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìtẹ́ òkú ní Liverpool nípa ibi tí wọ́n sin ín sí. Tó bá dọdún Káyókáyó tí gbogbo wa bá wálé, mo fẹ́ jókòó ti àwọn àgbà Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ tí bàbá wọn ṣiṣẹ́ ọkọ̀, kí n gba orúkọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n léèrè orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú ọkọ̀ àti ọdún tí lẹ́tà ẹ̀ dé kẹ́yìn, kẹ́ ẹ má sì da àpò lẹ́tà kankan nù, bó ti wù kó gbó tó.