Ẹsẹ̀ Agbábọ́ọ̀lù, Ojú Kọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin àbúrò tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù ní Kútọ̀ àti Ìjẹ̀jà l'Abẹ́òkúta, tí ẹ gbà pé bí orúnkún bá ti ń dùn yín, ẹ ó kàn fi fèrè kọ́rùn ni: iṣẹ́ mìíràn pátápátá ni iṣẹ́ kọ́ọ̀ṣì. Stephen Keshi ni balógun Super Eagles nígbà tí wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994. Ọdún 2013 ló tó gbà á gẹ́gẹ́ bíi kọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn tó ti kọ́ Togo títí wọ́n fi pegedé fún ife ẹ̀yẹ àgbáyé 2006, tó sì ti kọ́ Mali.

Ibi tó ti kọ́kọ́ ń dojú rú ni pé ohun tí ara yín mọ̀ ọ́n ṣe, ẹnu yín kò mọ̀ ọ́n sọ. Ẹ wo ọmọ ọdún 14 kan láàárín pápá. Dìfẹ́ńdà wọn ta bọ́ọ̀lù sí i, ó kọjú sí i gbọnrangandan, ó kẹ̀yìn sí gólì tí wọ́n ń lọ. Kó tó yí padà, wọ́n ti gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kọ́ọ̀ṣì tuntun á pariwo pé, "Tètè yí padà!" Ọmọ náà kò lọ́ra o, bó ṣe dúró ló ṣì í. Ohun tí ẹ máa sọ fún un nìyí: "Kí bọ́ọ̀lù tó dé, bojú wẹ̀yìn. Fi ẹ̀gbẹ́ dúró. Jẹ́ kó ré ẹsẹ̀ tó sún mọ́ ọn kọjá, kí o fi inú ẹsẹ̀ kejì gbà á." Mẹ́ta péré. Ẹ má fi ìkẹrin kún un lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ má sì to ọmọ 20 sórí ìlà kan pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan. Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú-àáyá 15, ìṣẹ́jú márùn-ún ni kó tó tún kàn án. Láàárín ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù. Ẹ pín wọn ní márùn-ún márùn-ún, mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan láàárín, mítà 10 sí mítà 10. Bí kò bá sí kọ́ọ̀nù, ìgò omi tó. Bọ́ọ̀lù tó ti ń bó náà wúlò níbẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́, ẹ̀yin ni kí ẹ kọjú sí oòrùn. Ọmọ tó ń ṣẹ́jú kò gbọ́ nǹkan kan.

Ní ti ìmára-gbóná, ètò FIFA 11+ tí àjọ bọ́ọ̀lù àgbáyé gbé kalẹ̀ ti tó: ìṣẹ́jú 20, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mẹ́jọ fún sísáré jẹ́jẹ́, 10 fún agbára àti ìdúró, méjì fún eré kíkankíkan. Apá àárín yẹn ni wọ́n sábà ń fò, nítorí pé ó nira, òun gan-an ló sì ń gba iṣan ẹ̀yìn itan àti orúnkún là lórí ilẹ̀ líle. Ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ nìkan ni wọ́n ní ká yọ ọ́.

Láísẹ́ǹsì kọ́ọ̀ṣì D ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà, ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kó tó kan C, B àti A. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí owó oṣù ṣì ń wọlé.

Èyí tó ṣòroó jáwọ́ nínú rẹ̀ jù ni kí kọ́ọ̀ṣì máa kó sínú eré. Ẹ̀yin ni àwọn ọmọ á máa ta gbogbo bọ́ọ̀lù sí, ẹ ó gbá a dáadáa, ẹ ò sì ní rí èyí tó ń sinmi lẹ́yìn yín.