Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: àwọn onílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fi máàpù yín hàn

Mo ń kọ èyí nítorí pé ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, mo sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà wá ibi tí ewéko tó ṣọ̀wọ́n lè hù sí wà ní irú ipò tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wà. Ewéko tí a ń wá ni Encephalartos barteri, èyí tí ewé rẹ̀ jọ imọ̀ ọ̀pẹ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọ̀pẹ rárá, tí ìtì rẹ̀ kúrú, tí ó sì máa ń hù láàárín àpáta ní ilẹ̀ ọ̀dàn Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Àjọ IUCN, tí ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí ó ń tán lọ ní ayé, kà á mọ́ àwọn tí ewu àkúrun ń bẹ lórí wọn.

Ẹ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ. A kó àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn ènìyàn ti rí ewéko náà jọ láti àwọn ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ewé gbígbẹ, a fi wọ́n pọ̀ mọ́ ìṣirò òjò àti ooru inú WorldClim, ìyẹn àkójọ ìṣirò ojú ọjọ́ gbogbo ayé, a sì fi MaxEnt, ètò kọ̀ǹpútà tí Phillips, Anderson àti Schapire gbé jáde ní 2006, wá àwọn ibi mìíràn tí ó jọ wọ́n. Àkọsílẹ̀ kò pọ̀. Àwọn kan ti pẹ́ tó ìgbà Charles Barter, ẹni tí ó ń ṣa ewé nínú ìrìnàjò tí William Baikie darí lórí odò Ọya, ìrìnàjò tí Samuel Ajayi Crowther náà bá wọn lọ. Nígbà tí ọkọ̀ wọn, Dayspring, forí sọ àpáta nítòsí Jẹ́bà ní 1857, wọ́n pẹ́ ní agbègbè yẹn, Barter sì ń ṣa ewé kiri títí tí ó fi kú ní Rabba ní 1859. Àkọlé ayé àtijọ́ sábà máa ń dárúkọ ìlú tàbí odò lásán, kò ní sọ òkè tí wọ́n ti já ewé náà. Nínú ìwọ̀n ilẹ̀ kìlómítà kan péré, orí àpáta gbígbẹ àti àbàtà etí odò lè wà pọ̀, ìṣirò òjò kò sì ní fi ìyàtọ̀ hàn. Nítorí náà ni a ṣe fi gíga ilẹ̀ àti bí ó ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó, tí sátẹ́láìtì wọ̀n, kún un.

Òkè kan ní agbègbè Jẹ́bà ni ó pọ́n jù lórí máàpù náà, ìyẹn ni pé òun ni ó jọ pé ewéko wa yóò fẹ́ jù lọ. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n ọ́fíìsì tí ó gbé owó iṣẹ́ náà kalẹ̀ ní kí a má tíì sọ fún ẹnikẹ́ni títí ìwé yóò fi parí, nítorí àwọn olè. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù yẹn ní ìdí: ní Gúúsù Áfíríkà, Encephalartos nubimontanus, ìbátan ewéko wa, ti tán nínú igbó nítorí àwọn tí ń wú u lọ sí ọgbà wọn. A béèrè lẹ́ẹ̀kan, a tún béèrè, wọ́n ní kí a ní sùúrù. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a kò gbìyànjú.

Nígbà tí a fi dé ẹsẹ̀ òkè náà, ariwo ẹ̀rọ ni a kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n ń fọ́ òkúta níbẹ̀ fún ojú ọ̀nà. Katapílà ti ha apá kan òkè náà mọ́ títí dé àpáta, wọ́n sì ti gbá erùpẹ̀, koríko àti igi jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Inú òkìtì yẹn ni mo ti rí wọn. Ìtì àwọn kan ti là, àwọn kan dojú délẹ̀ tí gbòǹgbò wọn ń gbẹ nínú oòrùn, bẹ́ẹ̀ ni ìdí ewé wọn ṣì tutù, tí ó fi hàn pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n wú wọn. Ọ̀kan jẹ́ abo tí èso rẹ̀ ti gbó. Àwọn kóró pupa fòò ti fọ́n ká sínú erùpẹ̀, táyà típà sì ti tẹ púpọ̀ nínú wọn fọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ irú igi yìí mọ ohun tí mo ń wí: akọ dá dúró, abo dá dúró, kòkòrò ni ó ń gbé ìyẹ̀fun akọ lọ bá abo, ó sì máa ń pẹ́ gan-an kí abo tó tún so. Èso tí táyà tẹ̀ yẹn, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni.

Bàbá ọdẹ tí ó mú wa débẹ̀ wo fọ́tò tí ó wà lọ́wọ́ mi, ó wo òkìtì náà, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé èyí ni ẹ ti ń wá láti ọjọ́ yìí? Ká ní ẹ ti sọ fún wa ni, à bá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn òkè lọ́hùn-ún, níbi tí kò sí nǹkan kan.” N kò rí èsì fọ̀. Báwo ni n ó ṣe sọ fún àgbàlagbà tí wọ́n bí sí ẹsẹ̀ òkè náà pé wọ́n ní kí a má sọ fún un? Mo jókòó sórí òkúta, mo sunkún. Máàpù wa kò purọ́, ibi tí ó sọ náà ni wọ́n wà, òótọ́ rẹ̀ yẹn gan-an ni ó sì dùn mí jù.

Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, Baálẹ̀ pe àwọn tí ń fọ́ òkúta, wọ́n sì gbà láti kọjá sí ẹ̀yìn òkè. A kó àwọn ìtì tí ẹ̀mí ṣì wà lára wọn lọ sí ọgbà irúgbìn, díẹ̀ nínú wọn sì ti yọ ewé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú èyí ni pé àwọn onílẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ rí máàpù yín. Ẹ pa ojú ibẹ̀ mọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Ṣùgbọ́n kí a máa fi ohun tí ó wà lórí ilẹ̀ Baálẹ̀ pamọ́ fún Baálẹ̀, ìyẹn kò dáàbò bo ohunkóhun. Àwọn kan yóò sọ pé àwọn ará abúlé yóò wú u tà. Níbi tí èmi dé, àwọn ọdẹ ti ń rí i láti kékeré, wọn kò tà á, àwa tí a kẹ́kọ̀ọ́ ni a kò sọ fún wọn pé ó ń tán lọ.

Ẹ tún máa wo àwòrán sátẹ́láìtì tuntun kí ẹ tó gbéra, nítorí pé òjò àti ooru kò lè sọ fún yín pé katapílà ti dé. Àwọ̀ pupa lórí máàpù kò sọ pé ewéko wà níbẹ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé ibẹ̀ lè gbà á. Bákan náà ni kí ẹ má tètè gbójú kúrò níbi tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, pàápàá bí ó bá jìnnà sí ọ̀nà mọ́tò, nítorí pé ẹ̀bá ọ̀nà ni àwọn tí ń ṣa ewé sábà máa ń gbà, àkọsílẹ̀ wọn ni MaxEnt sì ń tẹ̀ lé. Ta ni yóò wá sọ èyí fún yín bí kò ṣe àwọn tí ń rin igbó náà? Mo tún padà sí ibi kan náà, mo mọ̀.

Bàbá ọdẹ yẹn ti mú wa dé òkè mìíràn tí ìṣirò wa kò kà sí, a sì bá ewéko náà níbẹ̀. A ti fi ojú ibẹ̀ kún àkọsílẹ̀, a sì ti tẹ máàpù tuntun fún Baálẹ̀ kí ọ́fíìsì kankan tó rí i. Akọ àti abo kò ṣeé dá mọ̀ àfi nígbà tí wọ́n bá so, nítorí náà àwọn ọdẹ ni yóò máa ṣọ́ wọn, wọn yóò sì ránṣẹ́ sí wa bí àkọ́so bá ti yọ.