Bí A Ṣe Lè Fi Ohun Inú Ilé Kọ́ Àwọn Ọmọdé Nípa Òòfà Ilẹ̀

Ọmọ tí kò tíì lè sọ̀rọ̀ dáadáa ti mọ̀ pé nǹkan máa ń já bọ́. Òòfà ilẹ̀, ìyẹn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa nǹkan sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ni ó ń mú kí èyí ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá gbé e sórí àga láti jẹun, yóò ju ṣíbí sílẹ̀, yóò yọjú wo ibi tí ó balẹ̀ sí, ẹ ó he é fún un, yóò sì tún jù ú sílẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe bíbọ́ tí nǹkan ń bọ́ ni òbí ní láti kọ́ ọmọ. Èrò tí ọmọ fúnra rẹ̀ ní nípa rẹ̀ ni ó yẹ kí a bá a yẹ̀ wò. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn èrò náà ni pé ohun tí ó bá wúwo ni yóò kọ́kọ́ dé ilẹ̀. Aristotle, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìsì, fi kọ́ni láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sì dì í mú títí di òní. Ibẹ̀ ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 4 sí 8, ohun tí a sì ń lò kò ju ohun tí ó wà ní ilé ìdáná àti nínú báàgì ìwé wọn lọ.

Ẹ ya bébà méjì tí ó dọ́gba láti inú ìwé kan náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ rún ọ̀kan títí yóò fi di róbótó, kí ó sì fi èkejì sílẹ̀ ní títẹ́. Kí ó tó jù wọ́n sílẹ̀, ẹ bi í pé: "Èwo ni yóò kọ́kọ́ dé ilẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀?" Ìbéèrè yìí kò gbọdọ̀ yẹ̀, nítorí ọmọ tí kò bá tíì sọ ohun tí ó rò jáde kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ohun ìyanu nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin mi dáhùn pé èyí tí òun rún ni, nítorí pé òun ti fún un pọ̀, ó sì ti wúwo sí i. N kò jiyàn pẹ̀lú rẹ̀. Mo mú hángà aṣọ kan, mo so ọ̀rá kékeré mọ́ etí rẹ̀ méjèèjì, mo sì ní kí ó fi bébà rírún sínú ọ̀kan, kí ó ká èyí tí ó tẹ́ sínú èkejì. Hángà náà dọ́gba. Ó fi ìka tẹ apá kan sílẹ̀, ó yọwọ́, hángà mì díẹ̀, ó sì padà sí bí ó ṣe wà. Ó tún tẹ apá kejì. Lẹ́yìn náà ni ó gbójú sókè, tí ó ní: "Màmá, wọn ò wúwo ju ara wọn lọ. Kí ló wá ń dá èkejì dúró?"

Afẹ́fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó dára kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára kí a tó dárúkọ rẹ̀. Ẹ fún un ní páálí tí ó fẹ̀, kí ó gbé e síwájú àyà, kí ó sáré la àgbàlá kọjá. Yóò mọ̀ pé nǹkan kan ń tì í sẹ́yìn. Kí ó wá yí páálí náà sí ìhà, kí ó tún sáré. Bí ẹ bá padà wọlé, ẹ fi bébà títẹ́ lé orí ìwé ńlá kan tí ó fẹ̀ jù ú lọ, kí etí bébà má ṣe yọ síta, kí ẹ sì ju méjèèjì sílẹ̀ pọ̀ ní títẹ́. Wọn yóò jọ dé ilẹ̀ ni, nítorí ìwé ńlá ti bá bébà la ọ̀nà nínú afẹ́fẹ́.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ bá ti yé ọmọ ni a tó lè gbé ohun wúwo àti ohun fífúyẹ́ síwájú rẹ̀. Ọsàn kan àti èkùrọ́ kan ni mo yàn láàyò. Ohun tí a bá jù sílẹ̀ láti ibi gíga mítà 1 kò lò tó ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó balẹ̀, ojú ọmọdé kò sì lè tọpa ohun méjì láàárín ìgbà kúkúrú bẹ́ẹ̀. Etí ni kí ó lò. Ẹ da abọ́ onírin ńlá dé sílẹ̀, kí ọmọ dijú, kí ẹ sì ju ọsàn àti èkùrọ́ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rí i dájú pé ìsàlẹ̀ àwọn méjèèjì ni ó dọ́gba kí ẹ tó jù wọ́n sílẹ̀, kì í ṣe òkè wọn, nítorí ọsàn tóbi ju èkùrọ́ lọ. Bí ọwọ́ yín bá tú wọn sílẹ̀ pọ̀, ìró kan ni ọmọ yóò gbọ́. Ní ọdún 1586, ní ìlú Delft ní orílẹ̀-èdè Netherlands, onímọ̀ ìṣirò Simon Stevin àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Jan Cornets de Groot ju bọ́ọ̀lù òjé méjì, tí ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ ní ìlọ́po 10, sórí pátákó láti nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 30 sókè, ìró wọn sì dún bí ìró kan ṣoṣo. Mo fẹ́ràn láti sọ èyí fún àwọn ọmọ, kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ tí àwọn àgbà onímọ̀ ṣe ni àwọn náà ń ṣe.

Ọmọ tí ó dàgbà díẹ̀ yóò béèrè ìdí rẹ̀. Lóòótọ́ ni ilẹ̀ ń fi agbára tí ó pọ̀ jù fa ọsàn, ṣùgbọ́n ọsàn náà ni ó ṣòro jù láti sún kúrò lójú kan, èyí sì ni ìdí tí kò fi sí èyí tí ó yára ju èkejì. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó fi fídíò ọdún 1971 hàn án, níbi tí David Scott, ọ̀kan lára àwọn tí ó bá ọkọ̀ òfuurufú Apollo 15 ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ sínú òṣùpá, ti ju òòlù àti ìyẹ́ àṣá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òṣùpá kò ní afẹ́fẹ́ tí yóò dá ìyẹ́ dúró, àwọn méjèèjì sì jọ balẹ̀ pọ̀. Ọmọ tí ojú rẹ̀ mú yóò kíyè sí i pé wọ́n rọra bọ́, nítorí òòfà òṣùpá kò ju ìdá kan nínú mẹ́fà ti ayé lọ.

Èyí tí inú mi dùn sí jù lọ gba kí a jáde síta. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ike omi, ní apá ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ àgbàlagbà ni èyí. Ẹ fi àtàǹpàkò dí ihò náà, ẹ pọn omi kún un, ẹ fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ láìdé. Bí ẹ bá ṣí ihò náà, omi yóò máa tú jáde. Bí ẹ bá wá ju ike náà sílẹ̀ láti òkè orí yín, omi yóò dáwọ́ títú dúró títí ike yóò fi balẹ̀. Ẹ ní láti ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, kí ọmọ sì lóṣòó kí ojú rẹ̀ lè bá ihò náà lọ. Nígbà tí a di ike mú, omi tí ó wà lókè ń tẹ èyí tí ó wà nísàlẹ̀, ìyẹn ni ó ń tì í gba ojú ihò. Nígbà tí ike àti omi bá jọ ń bọ́ ní ìwọ̀n eré kan náà, kò sí èyí tí ń tẹ èkejì mọ́. Ohun kan náà ni ó ń mú kí àwọn tí ń gbé inú International Space Station, ibùdó tí ń yí ayé ká lókè ní òfuurufú, máa léfòó. Wọ́n máa ń sọ fún ọmọdé pé òòfà kò dé ọ̀dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí, nítorí kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 400 kìlómítà péré ni ibùdó náà fi ga ju ilẹ̀ lọ, òòfà ilẹ̀ níbẹ̀ sì tó nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ti ọ̀dọ̀ wa. Ibùdó náà àti àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ jọ ń bọ́ ni, bí ike àti omi. Eré tí wọ́n ń sá yí ayé ká ni kò jẹ́ kí wọ́n kanlẹ̀.

Ẹ má ṣe lo ohun tí ó lè fọ́, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ọmọ ju nǹkan láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Fún ọjọ́ mìíràn, ẹ so okùn mẹ́rin mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọ̀rá kan, kí ẹ so òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ wọn nísàlẹ̀, kí ọmọ sì kọ́kọ́ sọ bóyá ọ̀rá ńlá tàbí ọ̀rá kékeré ni yóò pẹ́ jù lókè. Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú déètì, kí ẹ sì jọ kà á lẹ́yìn tí òkúta bá ti balẹ̀.