Ẹ wo irú ikú tí kọ̀ǹpútà yín ń kú kí ẹ tó náwó

Odidi oṣù méjì ni mi ò fi lè gbá bọ́ọ̀lù kan parí lórí kọ̀ǹpútà mi. Bí mo bá ń fi tẹ lẹ́tà, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí mo bá fi wo fíìmù di ọ̀gànjọ́, kò ní ṣe nǹkan kan. Àmọ́ bí mo bá ti ṣí géèmù, kò ní ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, pàì! Ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, á sì tún ara rẹ̀ tàn.

Mo kọ́kọ́ rò pé iná ìjọba ló ń ṣẹ́jú, torí ìyẹn la mọ̀ ní Ìbàdàn. Lálẹ́ ọjọ́ kan tó tún kú, mo gbójú sókè: fáànù àjà ń yí, gílóòbù ò ṣẹ́jú rárá. Inú àpótí kọ̀ǹpútà gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í náwó. Mo ní ooru ni. Mo tú u, mo fẹ́ eruku inú rẹ̀, mo nu paste (ọ̀rá tó ń gba ooru kúrò) tó ti gbẹ lórí processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, mo fi tuntun sí i. Ooru rẹ̀ wálẹ̀ láti 88°C sí 71°C, inú mi dùn. Ó tún kú. Wọ́n ní RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí) ni, mo ra RAM. Wọ́n ní Windows ló bàjẹ́, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo fi òmíràn sí i. Fọ́tò ìkómọ ọmọ mi bá a lọ, torí mi ò kó wọn síbòmíràn. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó fáìlì yín pamọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ wò ni bó ṣe ń kú. Bí géèmù nìkan bá pa dé, tí Windows ṣì wà níbẹ̀, ẹ wo driver (ètò tó ń darí) graphics card, ìyẹn pátákó tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, tàbí fáìlì géèmù náà. Bí ojú rẹ̀ bá di búlúù, ẹ ya fọ́tò ohun tó kọ síbẹ̀, kí ẹ fi ètò kan tó ń jẹ́ MemTest86 yẹ RAM wò mọ́jú. Bó bá kọ́kọ́ ń fà, tí fáànù ń hó, ooru ni kí ẹ fura sí. Tèmi ò ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ó kàn ń kú bí ìgbà tí èèyàn pa iná ni. Nínú Event Viewer, níbi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, Kernel-Power 41 nìkan ni mo rí. Nọ́ńbà yẹn ò sọ ohun tó pa á. Ohun tó ń sọ ni pé ó kú láìdágbére fún Windows.

Àbúrò kan ládùúgbò ló bá mi yọ power pack kọ̀ǹpútà náà, ìyẹn àpótí tó ń fún un níná. Ó gbé e sọ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí ti fúyẹ́ jù.” A yí i padà. 500W (wáàtì, ìwọ̀n agbára iná) ni wọ́n kọ gàdàgbà sára rẹ̀, àmọ́ nísàlẹ̀, níbi lẹ́tà wẹ́wẹ́, +12V, 18A. Ojú 12V yìí ni graphics card àti processor ti ń jẹun. Ẹ fi 12 lọ́po 18: 216W péré. RX 580, graphics card tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi, lè fa 185W, processor i5 mi 65W. Àwọn méjèèjì ti di 250W, a ò tíì ka fáànù àti hard disk. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í kú bí mo bá ń tẹ lẹ́tà: graphics card ò tíì béèrè oúnjẹ nígbà yẹn.

Kí n tó ra òmíràn, mo dín géèmù kù sí 30 fps (àwòrán ọgbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) kí graphics card má baà fa iná púpọ̀, mo sì gbá a fún wákàtí méjì láìkú. Ìyẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú. Èyí tí mo wá rà jẹ́ 550W, 45A ló wà lórí 12V rẹ̀. Láti ìgbà náà, kò kú mọ́.

Ẹ má ṣí inú power pack fúnra rẹ̀ o. Iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ lára ògiri. Ẹ má sì fi wáyà power pack ògbólógbòó sára tuntun, ó lè jó ohun gbogbo. Bí ẹ bá dé ọjà, ibi 12V ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì.