Ẹ Wo Ìwọ̀ Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀pá: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ẹja Bass

Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará wa ní Texas níbí bá ní kí n sin òun lọ ra ọ̀pá tí òun máa fi pa bass, ẹja apẹranjẹ inú adágún, n kì í kọ́kọ́ bi í pé èló ló fẹ́ ná. Ohun tí mo máa ń bi í ni pé irú ìwọ̀ wo ló wà lára ìdẹ tó fẹ́ lò.

Ẹ wo crankbait, ìdẹ oníke tó máa ń gbọ̀n bí a bá ṣe ń fà á nínú omi. Ìwọ̀ kéékèèké ẹlẹ́nu mẹ́ta-mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Irin wọn tín-ín-rín, wọn kì í sì í wọ ẹran ẹnu ẹja jìn. Bí ọ̀pá bá gan, tí bass fò sókè tó gbọnrí, ìwọ̀ á ya ẹnu rẹ̀, ẹja á sì lọ. Ọ̀pá tó ń tẹ̀ dé àárín ló yẹ ẹ́, èyí tí wọ́n kọ moderate sí lára. Irú èyí tí wọ́n fi fiberglass ṣe wù mí jù, nítorí kì í tètè já ìdẹ gbà lẹ́nu ẹja.

Ìdẹ rọ́bà yàtọ̀ pátápátá. Nínú Texas rig, ọ̀nà kan tí a ń gbà so ìdẹ rọ́bà mọ́ okùn, ìwọ̀ kan ṣoṣo tó nípọn ló wà, wọ́n sì fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ sínú rọ́bà kó má baà há sí igi. Ìwọ̀ yìí gbọ́dọ̀ gún rọ́bà já kó tó kan ẹja, ọ̀pá rírọ̀ ò sì lè ṣe é. Medium-heavy tó jẹ́ fast ni kí ẹ mú, ìyẹn èyí tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ orí nìkan ló ti ń tẹ̀. Ní adágún Lake Fork, níbi tí àwọn igi tí omi bò ṣì dúró ṣánṣán, bí ẹja bá fi lè yí okùn po igi, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da agbára ọ̀pá pọ̀ mọ́ ibi tó ti ń tẹ̀. Medium àti heavy ń sọ bó ṣe lágbára tó. Moderate àti fast ń sọ ibi tí yóò ti tẹ̀. Ọ̀pá kan lè lágbára gan-an kó sì tẹ̀ dé àárín.

Tó bá jẹ́ ìdẹ tí wọ́n ṣe bí ọ̀pọ̀lọ́, tí à ń fà lórí òṣíbàtà, heavy ni, kó gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ, pẹ̀lú okùn híhun tó lè gba pọ́ùn 50 sí 65. Ẹja àti koríko lẹ máa jọ fà jáde. Fún drop shot, níbi tí òjé wà nísàlẹ̀ okùn tí ìwọ̀ sì wà lókè rẹ̀, nínú omi tó mọ́ gaara, ọ̀pá spinning fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí ẹ̀rọ ìkákùn rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀pá, àti okùn pọ́ùn 6 sí 8 ti tó.

Ṣé owó ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́? Ẹ ra ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 7, medium-heavy, fast. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìdìmú, ìwọ̀n ìdẹ tó lè jù wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi í ju crankbait, okùn ọ̀rá lásán tó máa ń nà ni kí ẹ lò. Bí ẹja bá gbé e, ẹ má já ọ̀pá sókè. Ẹ ṣáà máa ká okùn lọ, títí ẹ ó fi mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ẹja ti wúwo sí i.