Àáró àwa tí a wà láàárín yunifásítì àti ará ìlú

Bí mo bá fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún àwọn ará ilé ní Ìbàdàn, Igbó-Ọrà ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Láti ọdún 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ sí agbègbè Ìbàràpá, níbi tí Igbó-Ọrà wà, kí wọ́n lè gbé láàárín àwọn ará ìlú, kí wọ́n sì kọ́ ìṣègùn níbi tí àìsàn ti ń bá ènìyàn fínra. Irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà mí sí láti máa bójú tó ní yunifásítì kan ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Èmi ni mo ń wá ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò ti ṣiṣẹ́, èmi ni mo ń bá àwọn aṣáájú àdúgbò sọ̀rọ̀, èmi náà sì ni àwọn olùkọ́ ń pè nígbà tí nǹkan bá dàrú. Nínú gbogbo ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí tí mo lè fi ọ̀rọ̀ lọ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀gá yunifásítì ti ní ẹgbẹ́ tiwọn. Ní ọdún 1985 ni àwọn ààrẹ yunifásítì Brown, Georgetown àti Stanford, pẹ̀lú ààrẹ Education Commission of the States, àjọ tó ń gba àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí ètò ẹ̀kọ́, dá ẹgbẹ́ Campus Compact sílẹ̀, kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè fi ọwọ́ gidi mú iṣẹ́ ìlú. Ní ọdún 2006 ni àjọ Carnegie, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ya àwọn yunifásítì tó yege nínú ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ará ìlú sọ́tọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti dáhùn ìbéèrè rẹpẹtẹ nínú fọ́ọ̀mù kan. Ẹni tó ń jókòó ti fọ́ọ̀mù náà fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó ń tọrọ àkọsílẹ̀ láti ẹ̀ka kan dé òmíràn, òṣìṣẹ́ bíi tèmi ni. A máa ń lọ sí àpérò lóòótọ́, mo sì ń rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n oko tí wọ́n ti ro tán ni wọ́n máa ń fi hàn wá ní àpérò. Àáró ni mo ń wá, níbi tí a ó ti ro oko mi lónìí, tí a ó sì ro tìrẹ lọ́la, tí kò sí ẹni tó lè fi èpò oko rẹ̀ pamọ́, nítorí pé gbogbo wa ni a ó jọ wọ inú rẹ̀.

Mo ti rí i báyìí: àwa méje tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, láti ilé-ẹ̀kọ́ méje, ni a ń pàdé lórí Zoom lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹnì kan ṣoṣo ni oko kàn lóṣù kan. Yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a ó bi í ní ìbéèrè kí ọ̀rọ̀ lè yé wa, lẹ́yìn náà yóò pa makirofóònù rẹ̀, yóò máa gbọ́ bí a ti ń yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láàárín ara wa. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ó le jù, òun náà ni ó sì wúlò jù, nítorí pé ẹni tí kò lè fèsì kò ní ráàyè wí àwíjàre.

Nígbà tí ó kàn mí, ọ̀rọ̀ ilé kan tí àwọn àgbàlagbà ti máa ń péjọ lọ́sàn-án ni mo gbé wá. Ní gbogbo ọjọ́rú, aago méjì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń kọ́ wọn bí a ti ń lo fóònù. Oṣù karùn-ún dé, sáà ẹ̀kọ́ parí, àwọn ọmọ sì lọ sí ilé wọn. Ní ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, obìnrin tó ń bójú tó ilé náà pè mí. Àga méjìlá ni àwọn àgbà ti tò sílẹ̀. Ìyá kan ti di fóònù àti okùn tó fi ń gba iná sí i sínú ọ̀rá, ó gbé e lé ẹsẹ̀, ó ń wo ẹnu ọ̀nà.

Mo rò pé àwọn ẹgbẹ́ mi yóò bá mi wá bí mo ṣe máa tọrọ àforíjì. Ọ̀kan nínú wọn kàn béèrè pé, "Ṣé àwọn àgbà yẹn mọ̀ rárá pé sáà ẹ̀kọ́ ní òpin?" Wọn kò mọ̀. Kàlẹ́ńdà yunifásítì ni mo fi ṣètò ohun gbogbo, mi ò sì fi han ẹnikẹ́ni nínú wọn rí. Láti ìgbà náà, ọjọ́ ìdágbére ni a máa ń kọ́kọ́ kọ sára ògiri ilé náà, níṣojú gbogbo wọn, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a sì ń san owó fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti máa lọ ní àsìkò ìsinmi.

Ọ̀gá mi kò lè bi mí ní irú ìbéèrè yẹn, iye akẹ́kọ̀ọ́ àti iye wákàtí ni ìròyìn tó ń gbà lọ́wọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi takú pé kò yẹ kí ọ̀gá ẹnikẹ́ni wà nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, àti pé ohun tí a bá sọ níbẹ̀ kò gbọdọ̀ jáde. Bí ẹgbẹ́ bá sì ju ènìyàn mẹ́jọ lọ, oko ẹlòmíràn kò ní kàn kí ọdún ẹ̀kọ́ tó parí. Mo tún fẹ́ kí àwọn yunifásítì ka wákàtí yìí mọ́ iṣẹ́, nítorí pé àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni àwọn mélòó kan nínú wa fi ń wá.

Oṣù tó ń bọ̀, ó tún kàn mí. Mo fẹ́ béèrè ohun tó yẹ kí a máa san fún obìnrin tó ń bójú tó ilé àwọn àgbà yẹn, nítorí pé láti ọdún mẹ́ta ni òun náà ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, kò sì sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé owó kankan.